Ọjà Tí A Kò Lè Kẹ̀yìn Sí

Abẹ́ agbòòrùn oní-POS kan n'Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú oṣù Èrèlé ọdún 2023. Tábìlì onígi kan, àga oníke méjì, agbòòrùn tí oòrùn ti ṣá láwọ̀, àti pépà kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ pé "KÒ SÍ KÁÀṢÌ". Àwọn èèyàn ka pépà náà, wọn ò sì lọ. Wọ́n mọ̀ pé káàṣì wà, wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó bá pariwo kò ní rí i gbà. Bàbá àgbàlagbà kan á rọra súnmọ́ ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀, á rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá péré."

"Bàbá, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ni ṣáàjì ẹ̀ o."

"Háà! Ṣé owó ni mo wá rà ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Èmi náà, rírà ni mo rà á."

Irú ìjíròrò yìí wáyé lábẹ́ agbòòrùn tí kò níye jákèjádò Nàìjíríà fún nǹkan bí oṣù méjì. Ṣáàjì tí kì í ju ọgọ́rùn-ún náírà lórí 5,000 lọ tẹ́lẹ̀ di 20 náírà lórí 100. Níbòmíràn, ó di 30. Náírà ń ra náírà.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti rántí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, Godwin Emefiele, tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ owó bébà 200, 500 àti 1,000. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà nílùú, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì kankan. Owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ. Wọ́n fi gbèdéke owó àtijọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Èrèlé. Àtijọ́ ń wọlé wìtìwìtì, tuntun ń jáde ní kín-ín-kín-ín. Nígbà tí oṣù Èrèlé fi máa parí, gbogbo owó bébà tó wà nílùú kò tó tírílíọ̀nù kan mọ́. Orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù ni wọ́n ní kí ó máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta owó rẹ̀ ṣe kárà-kátà.

Nígbà náà, ọlọ́kadà kì í gba tiransifá lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìyá tó to tòmátì ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí àtẹ kò ní àkáǹtì, bó bá sì ní, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ti dákú nítorí gbogbo ìlú ló já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù nínú báńkì ń tọrọ owó ọkọ̀. N'Ìbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta, àwọn èèyàn tú jáde sí títì, wọ́n dáná sun táyà.

Ta wá ni ọ̀dájú nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọbìnrin abẹ́ agbòòrùn ló wà nítòsí, òun ni èébú kọ́kọ́ bà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sórí gbólóhùn rẹ̀: rírà ni mo rà á. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń jí ní òwúrọ̀ kùtù lọ sílé epo, lọ bá àwọn oníṣòwò ńlá, lọ bá ẹni tó mọ ẹnì kan ní báńkì, wọ́n sì ń fi owó lé owó gbà á. Ẹni tó ra 100,000 ní 115,000 kò lè tà á ní 101,000. Kí èèyàn tó bú u, ó yẹ kó tọ ipasẹ̀ owó náà lọ síbi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ní àkókò yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ICPC tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ yà wọ báńkì kan l'Óṣogbo. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ ATM, wọ́n bá owó tuntun nínú rẹ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó kó o sínú ẹ̀rọ kò tú ohun tí wọ́n fi dì í. Ìdì-ìdì ni wọ́n kó o sí i bó ṣe wà, ẹ̀rọ ò sì lè ka owó tó wà ní dídì, áḿbọ̀sì pé yóò pọ̀ ọ́ jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, báńkì lè búra pé àwọn ti kówó sí ẹ̀rọ, ìbúra náà á sì jẹ́ òótọ́. Ẹni tó bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ náà lẹ́nu, òfo lá á fà jáde.

Ìdì owó yẹn yẹ ní ohun tí èèyàn ń tẹjú mọ́. Òun ló sọ ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ wà ju gbogbo ṣáàjì tí wọ́n gbà lábẹ́ agbòòrùn lọ.

Nítorí pé ọjà Yorùbá kò bẹ̀rù iye tó ga. Iye tó ga ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Oníbàárà á ní, "Èló ni?" Ìyá ọlọ́jà á pe 5,000. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á ní 2,000. "Kò gbà, ẹ fi kún un." Wọ́n á ná an síwá, wọ́n á ná an sẹ́yìn, iye tí ìyá náà rà á á wọ̀ ọ́, iye tí ìyàwó ilé kejì rà á lánàá á wọ̀ ọ́. Níkẹyìn oníbàárà á yí ẹ̀yìn padà. Kó tó gbé ìṣísẹ̀ kẹrin, á gbọ́ ọ lẹ́yìn: "Ẹ padà wá! Ẹ wá mú un!" Gbogbo ẹni tó bá ti nájà rí ló mọ̀ pé gìgísẹ̀ oníbàárà ló ń sọ iye tí ọjà jẹ́ gan-an. Kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń rà lè lọ, ẹni tó ń tà náà sì mọ̀ pé ó lè lọ.

Àwọn ọjà kan wà tí gìgísẹ̀ ò ràn. Oògùn ibà fún ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná lóru. Epo fún awakọ̀ tí yóò san owó ojúmọ́ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Omi mímu. Owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹni tó bá ń pe iye lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti so oníbàárà lẹ́sẹ̀. "Ẹ padà wá" kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó ń lọ.

Láyé àtijọ́, lójú ọ̀nà oko, ẹni tó ní iṣu tàbí ọsàn láti tà lè tò ó sẹ́bàá ọ̀nà, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi iye owó ẹyọ hàn, kó sì bá iṣẹ́ oko rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á á ju owó sílẹ̀, á gbé tirẹ̀. Ìtàn yìí ni àwọn àgbà fi ń yangàn pé olè ò sí nígbà náà (bí ẹni pé ààlè tí wọ́n ń fi kọ́ oko jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán). Nǹkan mìíràn tún wà nínú rẹ̀. Òkúta ò mọ ojú ẹni. Ẹni tí ebi ti pa láti òwúrọ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán tán, iye kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Daniel Kahneman, Jack Knetsch àti Richard Thaler, gbé èsì ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà. Orí fóònù ni wọ́n ti bi àwọn ará Kánádà léèrè ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ń ta ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó yìnyín ní dọ́là 15; ìjì yìnyín jà mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ di dọ́là 20. Ṣé ó dáa àbí kò dáa? 82 nínú 100 ní kò dáa. Wọ́n tún bi àwọn mìíràn léèrè nípa ewébẹ̀: ọkọ̀ tó ń kó o wá ò tó, ewébẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ẹni tí ọlọ́jà ti ń rà á, ọlọ́jà sì fi iye yẹn gan-an kún tirẹ̀. 79 nínú 100 ní kò sóhun tó burú níbẹ̀. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ Ọjà Bódìjà rí ni wọ́n dáhùn báyìí, ṣùgbọ́n ìyá aláta Bódìjà kò ní ṣèdájọ́ tó yàtọ̀. "Rírà ni mo rà á" jẹ́ àwíjàre níbi gbogbo. "Mo rí i pé ìyà ń jẹ ẹ́" kì í ṣe àwíjàre níbì kankan.

Àríyànjiyàn kan wà tí àwọn ọlọ́jà máa ń jà, tí kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ra àpò mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí, ó gbọ́ pé àpò kan ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wọ́n sí i. Ṣé kó ta èyí tó wà nílẹ̀ ní iye àná? Bó bá tà á ní iye àná, owó tó bá pa kò ní ra àpò mẹ́ta mọ́, méjì àti díẹ̀ ni yóò rà. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ìsọ̀ ti tán nìyẹn, oore tó ń ṣe fún àdúgbò náà sì ti tán pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá pe irú obìnrin yìí ní ọ̀dájú kò tíì fi owó ara rẹ̀ ṣòwò rí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ló wà lórí àtẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, Bola Tinubu sọ nínú ọ̀rọ̀ ìgbàjọba rẹ̀ ní Eagle Square, l'Ábújá, pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ dáadáa tí ìlà ọkọ̀ ti gùn, tí ọ̀pọ̀ ilé epo ti fi ṣéènì dí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ 31 ni NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba, tó gbé iye tuntun jáde: 488 náírà fún lítà kan l'Ékòó, ó sì tó 557 lápá Àríwá Ìlà-Oòrùn. Epo tí kò tó 200 náírà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ọkọ̀ agbépo kan sábà máa ń gbé lítà 33,000. Ilé epo tó bá ní ẹ̀kún ọkọ̀ kan péré nínú tánkì abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, tó ti ẹnu ọ̀nà pa fún ọjọ́ méjì, tó wá tà á ní iye tuntun, èrè tó fò wá bá a lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà. Kò gbé nǹkan kan wá sọ́jà. Ó kàn ti ẹnu ọ̀nà ni.

Ìyá onírẹsì kò ní tánkì abẹ́ ilẹ̀. Bó bá kó àpò mẹ́ta rẹ̀ pamọ́, ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì á ta tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan wà tí wọ́n máa ń gbèjà iye tó fò sókè nígbà ìṣòro, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ìdí. Lẹ́yìn ìjì líle tí wọ́n pè ní Charley, tó jà ní Florida ní oṣù Ògún ọdún 2004, iná kú, àpò omi dídì tí kò ju dọ́là méjì lọ di dọ́là mẹ́wàá. Ariwo ta. Àwọn onímọ̀ yìí ní: ẹ fi wọ́n sílẹ̀, nítorí dọ́là mẹ́wàá yìí ni yóò mú kí ẹni tó ní ọkọ̀ ní ìlú tó jìnnà kó omi dídì wá síbẹ̀, ọjà á pọ̀, iye á wálẹ̀. Ó ṣeé gbọ́. Alájàpá tó ń ti oko kó gàrí wá sígboro mọ̀ pé ibi tí gàrí bá ti wọ́n lèèyàn ń gbé e lọ.

Ìbéèrè kan ló yẹ ká máa bi irú àlàyé bẹ́ẹ̀: ṣé iye gíga yìí lè pe ọjà wá? Fún omi dídì, bẹ́ẹ̀ ni. Fún náírà ọdún 2023 ńkọ́? Kò sí alájàpá tó lè lọ sí oko lọ ká náírà. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ń tẹ̀ ẹ́. Ṣáàjì ì báà di 50 nínú 100, bébà kan ṣoṣo kò ní fi kún un. Ohun tí iye gíga lè pè wá kò ju kí ẹni tó ní káàṣì nílé tún dì í mọ́ra dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Tennessee, l'Ámẹ́ríkà, jọ èyí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2020, ọjọ́ kejì tí wọ́n kéde ikú àkọ́kọ́ tí àrùn kòrónà fà lórílẹ̀-èdè náà, òun àti àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ káàkiri, wọ́n ń gbọ́n gbogbo oògùn ìfọwọ́ apakòkòrò tó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù ìletò, títí dé Kentucky. Nígbà tí Amazon máa dí i lọ́wọ́ títà, ìgò tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 17,700. Àwíjàre rẹ̀ ni pé òun ń gbé ọjà láti ibi tí wọn ò ti nílò rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìletò tó gbọ́n gbẹ yẹn náà ń bọ̀ wá fọwọ́. Kò fi ìgò kan kún ohun tó wà láyé. Ó kàn dúró sáàárín ìgò àti ọwọ́ ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà dá sí i, ọkùnrin náà sì kó ọjà náà tọrẹ.

Ní Nàìjíríà, ọjọ́ 27 oṣù Èrèlé ọdún yẹn ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà, ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìbòmú ti wọ́n bí ojú. FCCPC, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà, fi òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2019 mú, ó sì pe àwọn ilé oògùn àti sùpámákẹ́ẹ̀tì kan l'Ábújá lẹ́jọ́.

Bí òfin bá wà, kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀? Èkó ti dáhùn ìbéèrè yẹn tipẹ́, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì.

Láti ọdún 1941 ni ìjọba òyìnbó ti ń fi iye lé oúnjẹ l'Ékòó. Ogun ń lọ, sọ́jà pọ̀ nígboro, gbogbo nǹkan ń wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń béèrè àfikún owó oṣù. Ó rọ ìjọba lọ́rùn láti pàṣẹ kí oúnjẹ má wọ́n ju kí ó fi kún owó oṣù lọ. Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi ṣe olórí ètò náà. Iye tí wọ́n fi lé gàrí kò bá iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á ní Ìjẹ̀bú mu rárá, kí á má tíì sọ owó ọkọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin á jẹ gbèsè; ẹni tó bá rú u á fojú ba kóòtù, á san owó ìtanràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni tó mọ ọjà lẹ́nu: gàrí pòórá lórí àtẹ. Ó wà lóru, ó wà lẹ́yìn ilé, iye rẹ̀ sì ga ju ti ìgbà tí wọn ò tíì ṣòfin lọ.

Àlímọ́tù Pẹ̀lẹ́wúrà ni olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó nígbà náà. Ẹja ló ń tà, kò kàwé, Ọjà Ẹ̀rẹ̀kọ̀ ni ibùjókòó rẹ̀. Ní ọdún 1936, nígbà tí ìjọba fẹ́ kó ọjà náà kúrò níbi tó wà, àtìmọ́lé ni wọ́n fi í sí, kò sì gbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gàrí dé, àwọn aláṣẹ pè é, wọ́n fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kó lè bá wọn mú àwọn obìnrin rọ̀. Ó kọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé ó ń gbèjà ọ̀wọ́n gógó. Àwọn tó ń jẹ gàrí náà, ọmọ àti ọkọ àwọn obìnrin rẹ̀ ni. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1945 nítorí ọ̀wọ́n gógó yìí kan náà, Pẹ̀lẹ́wúrà àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Ohun tó mọ̀ tí Pullen kò mọ̀, tàbí tí kò fẹ́ mọ̀, ni pé obìnrin tó wà nídìí àtẹ kì í ṣe ẹni tó sọ gàrí di ọ̀wọ́n.

Ìwà mìíràn tún ń lọ lókè lákòókò kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ńláńlá tó ń kó aṣọ, iyọ̀ àti ṣúgà wọlé ń ta ọjà mọ́ ọjà. Obìnrin tó fẹ́ ra èyí tó ń tà wàràwàrà gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ mọ́ ọn. Bó bá dé ìsọ̀, òkú ọjà yẹn á wà nílẹ̀, á sì di dandan kó wá owó rẹ̀ lára èyí tó ń tà. Ìgbà yẹn ni ìyá àgbà tó ń ra iyọ̀ á máa ṣépè fún un. L'Ábẹ́òkúta, àwọn agbófinró ìbílẹ̀ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ní iye tí kò tó iye tí wọ́n rà á. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ló tọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin níbẹ̀, lọ. Ìrẹsì àti owó orí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi parí, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì, ọba ìlú náà, ti fi orí ìtẹ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á rántí ẹsẹ́ńkò, ìyẹn àwọn ọjà kòṣeémánìí. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1983, sọ́jà ń wọ ìsọ̀, wọ́n ń já àgádágodo, wọ́n ń ní kí wọ́n ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ ní iye tí àwọn bá pè. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ta ọjà rẹ̀ tán ní iye sọ́jà kò lọ ra òmíràn, gbogbo ìdílé sì wá ń tò sórí ìlà fún agolo mílíìkì kan.

Ẹ̀sìn méjèèjì tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ti ronú jinlẹ̀ lórí èyí. Nínú hádíìsì, ẹni tó ń kó oúnjẹ pamọ́ kí ó lè wọ́n jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, kò sí àgálámàṣà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjà wọ́n ní Mẹ̀dínà, tí àwọn èèyàn ní kí Ànábì fi iye lé e fún wọn, ó kọ̀, ẹ̀rù ń bà á kó má lọ rẹ́ ẹnì kan jẹ. Ìwé Òwe nínú Bíbélì náà sọ nípa ègún tí àwọn èèyàn ń gbé fún ẹni tó bá há ọkà mọ́wọ́. Wòlíì Amosi sì dojú ìjà kọ àwọn tó ń dín òṣùwọ̀n kù, ìyẹn àwọn tó ń tẹ ìdí kóńgò wọnú. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní kí ọjà má wọ́n. Ìpamọ́ àti ìrẹ́jẹ ni wọ́n bá jà.

Bí èèyàn bá fi ojú yẹn wo òfin òde òní, á rí i pé àtẹ ló máa ń mú. Ní oṣù Ògún ọdún 2024, Tunji Bello tó jẹ́ olórí FCCPC fún àwọn oníṣòwò ní oṣù kan láti mú iye ọjà wálẹ̀. Ó mẹ́nu ba ẹ̀rọ ìlọ-èso kan tó jẹ́ dọ́là 89 ní Texas, tí wọ́n lẹ 944,999 náírà mọ́ ní sùpámákẹ́ẹ̀tì kan ní Victoria Island. Àpẹẹrẹ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí àìní ẹ̀rọ ìlọ-èso pa rí. Oníbàárà lè kẹ̀yìn sí i, kó gba ilé lọ fi ẹnu jẹ ọsàn rẹ̀.

Ilé ìkẹ́rùsí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kàn sí, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, nígbà tí rògbòdìyàn EndSARS gbòde, àwọn ará ìlú já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza l'Ékòó àti l'Édẹ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n bá ìrẹsì, gàrí àti indomie nínú rẹ̀, oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà tí àwọn oníṣòwò ńlá ti kó fún ìjọba kí wọ́n pín in. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé ètò pínpín ló ń lọ lọ́wọ́. Obìnrin tó gbé àpò kan lé orí jáde níbẹ̀ kò dúró gbọ́ àlàyé náà. Ebi ti kọ́ ọ ní oṣù méje pé gàrí wọ́n. Ojú ara rẹ̀ ló wá fi rí i pé gàrí wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti owó bébà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó àtijọ́ máa jẹ́ níná títí di ìparí ọdún náà. Ọlọ́jà ò gbà á. Ó tó ọjọ́ 13 kí báńkì àpapọ̀ tó la ohùn, lẹ́yìn náà ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú láti ibi gbogbo tó sá pamọ́ sí. Ní oṣù Bélú, ilé ẹjọ́ náà tún mú gbèdéke kúrò pátápátá.

Nígbà tí owó yọjú ní oṣù Ẹrẹ́nà yẹn, ọmọbìnrin abẹ́ agbòòrùn fa pépà "KÒ SÍ KÁÀṢÌ" ya. Àmì gọ́ọ̀mù rẹ̀ kù lára ọ̀pá. Bàbá àgbàlagbà náà padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba 5,000. Ọmọbìnrin náà ka 1,000 àtijọ́ márùn-ún lé e lọ́wọ́, ó ní ọgọ́rùn-ún náírà ni ṣáàjì.

"Tòní ńkọ́," ni bàbá wí, "ṣé o rà á ni?"